Adìyẹ Tan Ilẹ̀, Alágẹmọ Tẹ̀ Ẹ́ Wò: Ìṣe Ẹranko àti Ọ̀nà tí Olúkúlùkù Ń Gbà Ṣiṣẹ́



Mo júbà Olódùmarè, ẹni tí ó dá ènìyàn, tí ó dá ẹranko, tí kò sì dá méjì nínú wọn bákan náà. Mo júbà Ọ̀rúnmìlà, ẹlẹ́rìí ìpín. Mo júbà Òrìṣà Olúfọ́n, arúgbó aláṣọ funfun tí ó ni ilẹ̀ tí a pé lé lórí yìí. Mo júbà Erinlẹ̀, ọdẹ tí ó di odò, tí Ìlobùú ń bọ. Kábíyèsí, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin Àràbà, ẹ̀yin Olúwo, Ojùgbọ̀nà, Akọ́dá àti Aṣẹ̀dá, ẹ̀yin Ìyánífá, ẹ̀yin ọmọ awo tí ẹ jókòó sórí ẹní lẹ́yìn, ẹ̀yin àlejò wa láti Ìlobùú, Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, Èjìgbò àti Òṣogbo, àti ẹ̀yin olùfẹ́ àṣà tí ẹ kì í ṣe awo ṣùgbọ́n tí ẹ fẹ́ gbọ́, mo kí yín kú ọdún. Ọdún á yabo.

Nígbà tí àwọn alákòóso ọdún ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ní kí n wá bá àwọn ọ̀dọ́ wí nípa iṣẹ́. Wọ́n ní ọ̀dọ́ òde òní kò ṣe é rán níṣẹ́ mọ́: àwọn kan ń sáré bí ẹni tí ejò ń lé, wọn kì í sì í parí ohun kan, àwọn mìíràn ń wọ́ ẹsẹ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn, a kò mọ ìgbà tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀. Mo gbà láti wá, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n yí ọ̀rọ̀ náà padà díẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọ awo, kì í ṣe ọmọ ni mo rí tí ó ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Èmi tí mo ń pín iṣẹ́ ni. Nítorí náà, ara mi àti ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ mi ni mo fẹ́ fi ẹranko bá wí lónìí. Kí àwọn ọ̀dọ́ fara balẹ̀ máa gbọ́ wa.

Ibi tí ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe lórí ilẹ̀ ayé. Ìtàn tí gbogbo wa mọ̀ sọ pé omi ni ibi gbogbo, pé láti ọ̀run ni wọ́n ti gbé yẹ̀pẹ̀ wá, tí wọ́n sì mú adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún tì í. Ẹni tí ó gbé e wá gan-an, ẹni tí ó sùn lójú ọ̀nà àti ẹni tí kò sùn, n kò ní dá sí i níbí. Ẹ̀yin ará Ìfọ́n mọ ohun tí ẹ ń wí nípa Òrìṣà yín, àwọn ará Ifẹ̀ náà sì mọ tiwọn. Èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa gbà ni pé adìyẹ ni wọ́n ní kí ó tan yẹ̀pẹ̀ náà ká, àti pé nígbà tí ó tàn án tán, Olódùmarè kò bi adìyẹ bóyá ilẹ̀ ti le. Alágẹmọ ni ó rán wá pé kí ó tẹ̀ ẹ́ wò. Ó wá lẹ́ẹ̀kíní, ó padà lọ ròyìn pé ilẹ̀ ti fẹ̀ ṣùgbọ́n kò tíì gbẹ tó. Ó tún wá lẹ́ẹ̀kejì kí ó tó ní ó ti tó.

Ẹ wo adìyẹ nínú àgbàlá yín. Kì í ronú kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Yóò ju ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, yóò ju èkejì, yóò sún sẹ́yìn díẹ̀ láti wo ohun tí ó hú jáde, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá da àgbàdo kalẹ̀ níwájú rẹ̀ pàápàá, tí kò sí ohun tí ó ń wá mọ́, yóò ṣì máa fi ẹsẹ̀ tan án. Ariwo ni, eruku ni, ìdàrúdàpọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ da adìyẹ mẹ́wàá sí orí ààtàn kan láàárọ̀ kí ẹ padà wò ó nírọ̀lẹ́, ààtàn náà yóò ti tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, kò sì sí ẹni tí ó fún wọn lówó ọ̀yà.

Alágẹmọ, tí a tún ń pè ní ọ̀gà, kò rí bẹ́ẹ̀. (Ẹ ṣọ́ ohùn o: ọ̀gà ni mo wí, n kò wí ọ̀gá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀gá ibi iṣẹ́ mìíràn ń pa àwọ̀ dà ju ọ̀gà lọ.) Yóò gbé ẹsẹ̀ sókè, yóò mì síwájú, yóò mì sẹ́yìn, bí ewé tí atẹ́gùn ń fẹ́, kí ó tó fi ẹsẹ̀ náà kalẹ̀. Ojú rẹ̀ méjèèjì lè wo ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ pín sí ọ̀nà méjì, ó fi ń di ẹ̀ka igi mú bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò ní kò lè ṣe ohun kan kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n kí kòkòrò kan bà sí ibi tí ó ti ń wò láti àárọ̀: ahọ́n rẹ̀, tí ó lè gùn ju ara rẹ̀ lọ, yóò ti jáde, yóò sì ti padà wọlé, kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ìlọ́ra tí a rí yẹn, ìwòye ni.

Bí ó bá jẹ́ alágẹmọ ni wọ́n ní kí ó tan ilẹ̀, inú omi la ṣì wà títí di òní. Bí ó bá sì jẹ́ adìyẹ ni wọ́n ní kí ó wò ó bóyá ilẹ̀ ti le, yóò ti tàn án ká tán kí ó tó rántí ìbéèrè tí wọ́n bi í. Ẹni tí ó pín iṣẹ́ náà mọ àwọn tí ó ń rán.

Èmi kò mọ̀. Ní nǹkan bí ọdún méjìdínlógún sẹ́yìn, ọmọkùnrin méjì ń kọ́ Ifá lọ́dọ̀ mi. Bí mo bá ki ẹsẹ Ifá kan fún èyí àkọ́kọ́ láàárọ̀, kí oòrùn tó wọ̀ ó ti ń kì í padà fún mi, ó sì ti mọ ibi tí orin yóò ti wọ̀ ọ́. Èkejì, bí mo bá bi í ní ohun tí mo kọ́ ọ lánàá, ilẹ̀ ni yóò máa wò. Ó lo ìdajì ọdún nídìí ọ̀pẹ̀lẹ̀ kí ó tó lè pe ojú Odù 16 tẹ̀ léra láìdúró, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wọ inú ọmọ Odù 240 tí ó tẹ̀ lé e. Ìbéèrè rẹ̀ sì pọ̀: èé ṣe tí ilà ibí fi jẹ́ méjì, èé ṣe tí ti ọ̀hún fi jẹ́ ẹyọ kan, ta ló kọ́kọ́ tò ó bẹ́ẹ̀? Ó sú mi. Lọ́jọ́ kan tí bàbá rẹ̀ wá wò ó, níwájú gbogbo àwọn ọmọ awo yòókù, mo ní, "Ọmọ yín kò ní orí awo. Ẹ mú un lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́." Bàbá náà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, nítorí pé ọmọlúàbí ni. Wọ́n ká ẹní ọmọ náà, wọ́n lọ. Ọ̀dọ̀ télọ̀ ni wọ́n mú un lọ. Ẹ jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ ná. N óò padà wá bá a.

Gbogbo wa la gbà pé èèrà kì í ṣe ọ̀lẹ. Àwọn ìyá wa sọ ọ́, àwọn oníwàásù ẹ̀sìn mìíràn náà sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Arizona ní Amẹ́ríkà, Daniel Charbonneau àti Anna Dornhaus pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, fi ọ̀dà kán èèrà kọ̀ọ̀kan lára kí wọ́n lè dá wọn mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì jókòó tì wọ́n, wọ́n ń ṣọ́ wọn. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2017 yà mí lẹ́nu nígbà tí ọmọ mi kà á fún mi. Nínú èèrà 100, nǹkan bí 40 ni kì í ṣe ohun kan ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Wọ́n kàn dúró ni. Àwọn onímọ̀ náà wá kó àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ jù lọ kúrò, ìdá 20 nínú 100. Kí ó tó tó ọ̀sẹ̀ kan, àwọn kan ti dìde láàárín àwọn tí ó ń dúró, wọ́n sì ti gba iṣẹ́ náà ṣe. Nígbà tí wọ́n yí i padà, tí wọ́n kó àwọn tí ó ń dúró kúrò, kò sí èèrà kan tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti wá bá wọn dúró.

Ẹ̀yin ọ̀lẹ tí ẹ ti ń rẹ́rìn-ín, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Èèrà tí mo ń wí, ó dìde nígbà tí àyè ṣófo. Ọmọ tí ó bá dúró nígbà tí ọwọ́ pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, tí ó sì tún dúró nígbà tí ẹni tí ń ṣe é ṣubú, ó mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ rò ni ọmọ kejì tí ó wà ní ọ̀pọ̀ agbo ilé wa, tí kì í sáré síwájú nígbà tí a bá ń pín iṣẹ́, tí a sì ti bú títí tí ó fi mọ́ ọn lára. Lọ́jọ́ tí àìsàn bá dá ìyá ilé dùbúlẹ̀, òun ni ẹ óò rí tí ó ń pọnmi, tí ó ń dáná, tí ó ń sùn sẹ́nu ọ̀nà yàrá aláìsàn, láìsí ẹni tí ó rán an. Àwọn oníyára ilé náà, iṣẹ́ tiwọn ti kún ọwọ́ wọn, wọn kò sì mọ èyí tí wọn yóò gbé kalẹ̀. Ilé tí gbogbo ọwọ́ rẹ̀ bá dí lójoojúmọ́, ta ni yóò gbé aláìsàn rẹ̀ lọ sí ọsibítù?

Ti oyin kò gùn, ṣùgbọ́n ó wúlò fún àwọn ọmọ awo. Karl von Frisch, ọmọ ilẹ̀ Austria, gba Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1973 pẹ̀lú àwọn méjì mìíràn. Òun ni ó túmọ̀ ijó tí oyin ń jó láti júwe ibi tí òdòdó wà fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kí oyin kan tó dé ibi tí yóò ti máa fò lọ wá òdòdó, yóò ti kọ́kọ́ gbálẹ̀ ihò afárá, yóò ti bọ́ ọmọ, yóò ti kọ́ afárá, ó sì lè ti ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ni gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, síbẹ̀ kì í sáábà fo èyí tí ó kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń ráhùn pé láti ọdún méjì ni ẹ ti ń gbé àpò tẹ̀ lé Olúwo, mo gbọ́ yín.

Ẹ̀gà ńkọ́? Ariwo ẹnu rẹ̀ la mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹni tí ó bá ń rojọ́ jù, a ní ẹnu rẹ̀ dà bí ẹnu ẹ̀gà. Orí ọ̀pẹ ni ó fẹ́ràn, igi kan náà tí ó ń so ikin fún wa. Akọ rẹ̀ ni ó ń hun ìtẹ́. Yóò fi ẹnu gé etí imọ̀ ọ̀pẹ, yóò fò, yóò sì fa ọ̀já tín-ín-rín ya tẹ̀ lé ara rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ hun òrùka kan tí yóò máa dúró sí, láti ibẹ̀ ni yóò sì ti hun yàrá jáde. Bí ó bá hun ún tán, yóò so rọ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀, yóò máa ju apá, yóò máa pariwo pe abo. Abo yóò dé, yóò wọ inú rẹ̀, yóò máa fa ọ̀já rẹ̀ wò. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò fò lọ láìsọ̀rọ̀. Bí ewé bá sì gbẹ lára ìtẹ́ náà tí kò sí abo tí ó gbà á, akọ náà yóò tú u palẹ̀ fúnra rẹ̀, yóò tún òmíràn hun sí ojú ibẹ̀ gan-an.

Tọkọtaya onímọ̀ kan, Nicholas àti Elsie Collias, lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí ẹyẹ yìí. Wọ́n rí i pé ìtẹ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀dọ́ ẹ̀gà ń hun kò dára, pé ó ń já, pé ó ń yẹ̀, àti pé híhun àti títú ni ó fi ń mọ̀ ọ́n. Wọ́n tún rí i pé èyí tí wọn kò bá fún ní ewé láti kékeré kò lè hun bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ fún un ní ewé lágbà. Ẹ̀yin gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹ̀yin tí ẹ ń gbẹ́ ọpọ́n àti ìrọ́kẹ́, ọ̀rọ̀ yín nìyí. Òṣìṣẹ́ wà tí kò lè fi etí kọ́ṣẹ́. Bí ẹ bá sọ fún un ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá, kò gbọ́. Ìgbà tí ó bá ba igi mẹ́wàá jẹ́ ni yóò tó yé e. Igi wọ́n, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tí ó bá ń fi igi pamọ́ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tí ó ní kí ó kọ́kọ́ máa wo òun fún ọdún mẹ́ta, ọdún mẹ́ta yẹn ni ó fi ṣòfò, kì í ṣe igi. Ariwo rẹ̀ náà, ẹ fi mọ́ ọn: ẹnu ẹ̀gà kì í dá ọwọ́ ẹ̀gà dúró.

Ikán tún yàtọ̀. Ikán òṣìṣẹ́ kò ní ojú, kò sì sí alábòójútó tí ń rìn kiri láàárín wọn, síbẹ̀ òkìtì ọ̀gán ń ga ju ènìyàn méjì tí ó gun ara wọn lọ. Ọmọ Faransé kan, Pierre-Paul Grassé, ni ó ṣàlàyé ní ọdún 1959 bí wọ́n ti ń ṣe é. Ikán kan yóò po ẹrẹ̀ mọ́ itọ́, yóò fi kalẹ̀. Bí ẹrẹ̀ bá ti ṣùjọ sí ojú kan, èyí tí ó bá gba ibẹ̀ kọjá yóò fi tirẹ̀ lé e, òpó yóò máa ga, òpó méjì tí ó súnmọ́ra yóò tẹ̀ sí ara wọn, àjà yóò sì dé. Ojú iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ ohun tí ó kàn. Ẹ ó rántí pé bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn bàbá wa mọ̀ nídìí àáró àti ọ̀wẹ̀: ẹni tí ó ni oko ni yóò kọ́kọ́ kọ ebè díẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó dé. Òṣìṣẹ́ onírú èyí pọ̀ láàárín wa. Bí ẹ bá gbé e sínú oko tí wọn kò tíì fọwọ́ kàn, tí ẹ ní, "Ṣe bí o ti fẹ́," yóò jókòó sábẹ́ igi. Ẹ kọ ebè mẹ́ta fún un. Ẹ kò ní rí i mọ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí erin, nítorí Ìlobùú. Ọ̀pọ̀ ń túmọ̀ orúkọ Erinlẹ̀ sí erin ilẹ̀, ọdẹ sì ni Erinlẹ̀, ẹni tí ó mọ ìrìn ẹranko. Nínú agbo erin, abo tí ó dàgbà jù ni ń ṣíwájú. Kì í fi ipá ṣe é. Ní Amboseli, ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, Karen McComb àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ohùn erin sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn lù ú jáde fún àwọn agbo mìíràn. Èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2001 ni pé agbo tí ìyá àgbà rẹ̀ ti pẹ́ láyé ń mọ ohùn ẹni tí wọ́n jọ ń pàdé yàtọ̀ sí ohùn àjèjì. Àjèjì nìkan ni wọ́n ń ṣùjọ fún láti dáàbò bo ọmọ. Agbo tí aṣíwájú rẹ̀ kò tíì dàgbà kò mọ ìyàtọ̀ náà dáadáa. Ohùn tí kò yẹ kó bà wọ́n lẹ́rù ń dà wọ́n láàmú. Agbo àwọn ìyá àgbà náà sì ń bímọ yè jù. Ní Tarangire, ní Tansaníà, nígbà ọ̀dá ọdún 1993, àwọn tí aṣíwájú wọn dàgbà ni wọ́n kó ọmọ wọn kúrò nínú igbó ọba náà lọ sí ibi tí oúnjẹ àti omi wà, ọmọ tí ó kú mọ́ wọn lọ́wọ́ sì kéré sí ti àwọn tí ó dúró.

Ní ọdún 2025, ìjà ilẹ̀ dé sáàárín Ìfọ́n, Ìlobùú àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun débi tí ìjọba ìpínlẹ̀ fi kéde kónílé-ó-gbélé. N kò wá dá ẹjọ́ náà. Àwọn ọba wà, ilé ẹjọ́ wà. Inú mi dùn pé mo rí ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí ìjókòó níwájú mi báyìí. Ohun tí mo rí nígbà náà ni pé a ní àwọn tí ó lè sáré, a ní àwọn tí ó lè kígbe, wọ́n sì wúlò lọ́jọ́ mìíràn. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti jókòó, kí wọ́n gbọ́ ohùn, kí wọ́n sọ pé, "Èyí kì í ṣe ọ̀tá, ọmọ ẹni tí a jọ ń ná ọjà kan náà ni," a ti ń pè wọ́n ní arúgbó tí kò níṣẹ́. Iṣẹ́ wọn ni kò sí ẹni tí ó rán wọn nígbà tí ó yẹ.

Ní Brazil, níbi tí àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé Òrìṣà dé, orúkọ ìlú yìí kò parẹ́. Oxalufã ni wọ́n ń pe Òrìṣà Olúfọ́n, arúgbó tí ó tẹ̀, tí ń fi ọ̀pá rìn. Oxaguiã ni wọ́n ń pe Ògìyán ti Èjìgbò, ọ̀dọ́ tí ó le, jagunjagun. Oxalá ni wọ́n ń pe àwọn méjèèjì pọ̀. Wọn kò ní kí arúgbó sáré, wọn kò sì ní kí ọ̀dọ́ tẹ̀. Ìgbín tí a fi ń bọ Òrìṣà náà bá arúgbó yẹn mu: lọ́gbẹlẹ̀, yóò fi awọ funfun tín-ín-rín pa ẹnu ìkarahun rẹ̀ dé, yóò sì dákẹ́ sínú rẹ̀ títí òjò yóò fi dé. Àwọn tí ó ń sin ìgbín nínú yín mọ̀ pé kò kú, wọn kì í sì í jù ú nù.

Mo ní n óò padà sí ọ̀dọ̀ ọmọ tí mo lé lọ.

Ó tó ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí ó lọ, ìyá àgbà kan wá sọ́dọ̀ mi láti Ìlobùú. Ọmọ rẹ̀ kan lọ sí ìdálẹ̀, wọn kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà wúwo, mo ní ikin ni a ó fi dá a. Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì nígbà náà, nítorí náà mo ní kí oníyára ọmọ awo mi máa tẹ ilà sórí ìyẹ̀rosùn. Ẹ̀yin awo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n fún àwọn àlejò wa: bí ikin kan bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ awo, ilà méjì ni a ó tẹ̀; bí méjì bá ṣẹ́kù, ilà kan. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni. Bí ọ̀kan péré bá yí padà, Odù mìíràn ni yóò yọ, ẹbọ mìíràn ni a ó sì kà. Ọmọ télọ̀ náà wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá rẹ̀ rán an kí ó gbé aṣọ mi wá. A dá Ifá tán, mo ka ẹbọ, ìyá náà dúpẹ́, ó lọ.

Ọmọ náà kò lọ. Mo bi í bóyá owó ni ó ń dúró dè. Ó wo ilẹ̀, bí ó ti máa ń wò ó. Ó ní, "Bàbá, lẹ́ẹ̀kẹta tí ẹ gbé ikin, ẹyọ kan ló ṣẹ́kù lọ́wọ́ yín. Ilà kan ni bọ̀dá tẹ̀."

Mo wo oníyára. Ó fi ọwọ́ họ orí. Kò rántí mọ́, ó ti ń ronú ẹsẹ tí a ó kì. Mo ní, "Kí ló dé tí o kò wí nígbà tí o rí i?"

Ó ní, "Ẹ ti sọ pé n kò ní orí awo, Bàbá. Ta ni n bá wí fún?"

Ọlọ́kadà ni a fi lé ìyá náà. Ọjà ni wọ́n ti bá a, ó ń ná òbúkọ tí kì í ṣe ẹbọ rẹ̀. Wọ́n mú un padà, a tún Ifá náà dá, ọmọ télọ̀ jókòó ti ọpọ́n. Ohun tí Ifá wí, ti ìyá yẹn ni, n kò ní sọ ọ́ níbí.

Ní ọjọ́ kejì mo mú obì lọ sí ilé bàbá ọmọ náà. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní iṣẹ́ télọ̀ tí ọmọ òun ń kọ́ kò burú. Kí n má gbà á padà lọ́sàn-án, kí n máa gbà á lálẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe. Bí a bá fẹ́ fi ikin dá Ifá lágbo ilé wa lónìí, òun ni ó ń jókòó ti ọpọ́n. Èkejì rẹ̀ ni ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ láàárọ̀ yìí, tí ó ń sun ìyẹ̀rẹ̀ tí gbogbo yín ń gbè, tí àwọn kan nínú yín sì lẹ owó mọ́ níwájú orí. N kò ní kí ó tẹ ilà mọ́.

Agbádá funfun tí mo wọ̀ yìí, ọmọ télọ̀ náà ló rán an. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ti gbé aṣọ fún un. Alẹ́ àná ló gbé e dé, lẹ́yìn tí mo ti ránṣẹ́ sí i lẹ́ẹ̀mẹfà. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá mú nínú yín, kí ó wá wo ojú abẹ́rẹ́ ọrùn rẹ̀ nígbà tí a bá jókòó sídìí oúnjẹ.